Anwar Sadat: Ọkùnrin tó gba Íjíbítì kúrò lọ́wọ́ Rọ́ṣíà, tó fà á lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́

Ilẹ̀ ti ṣú lọ́jọ́ Sátidé náà, ọjọ́ 19, oṣù kọkànlá, ọdún 1977, àwọn Júù sì ti parí ìsinmi Sábáàtì wọn, kí ọkọ̀ òfurufú kan tó ti Íjíbítì wá tó balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú tó wà lẹ́bàá ìlú Tel Aviv, ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí ti bá ara wọn jagun láàárín ọdún 1948 sí 1973, kò sì tíì sí àdéhùn àlàáfíà kankan láàárín wọn. Kódà, lọ́jọ́ díẹ̀ ṣáájú, ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì sọ fún ìwé ìròyìn kan pé kí wọ́n ṣọ́ra fún àlejò tó ń bọ̀ yìí, ó ní ẹ̀tàn lè wà ńbẹ̀. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí, ọkùnrin adúláwọ̀ kan tó ní irunmú ló yọ síta, tí àmì ìforíkanlẹ̀ àwọn tó ń kírun wà níwájú orí rẹ̀. Anwar Sadat, Ààrẹ ilẹ̀ Íjíbítì, ni. Golda Meir, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà tí Sadat ṣígun bá wọn ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, wà lórí ìlà àwọn tó wá pàdé rẹ̀. Ariel Sharon, ọ̀gágun tó kó ọmọ ogun kọjá omi wọ ilẹ̀ Íjíbítì nínú ogun yẹn kan náà, wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Sadat bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀kan lára ohun tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù nínú ìṣèlú àgbáyé ni bí orílẹ̀-èdè kan ṣe máa ń kẹ̀yìn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àná, tí yóò sì gbá ẹni tó ń ṣépè fún tẹ́lẹ̀ mọ́ra. Àwọn mìíràn a ní owó ni wọ́n gbà, àwọn mìíràn a ní olórí wọn ti ya ọ̀dàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Sadat ṣe irú rẹ̀ láàárín ọdún méje péré: ó lé Rọ́ṣíà lọ, ó sún mọ́ Amẹ́ríkà; lẹ́yìn ìyẹn ló tún bá Ísírẹ́lì tọwọ́ bọ̀wé. Ìgbésí ayé rẹ̀ ló sì fi ìdí tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀ hàn wá ju ọ̀pọ̀ ìwé àwọn onímọ̀ lọ.

Ọjọ́ 25, oṣù kejìlá, ọdún 1918 ni wọ́n bí i ní abúlé Mit Abu al-Kum, níbi tí odò Náílì ti ń pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ kó tó wọ inú òkun. Ọmọ mẹ́tàlá ni bàbá rẹ̀ bí. Akọ̀wé kékeré ni bàbá náà lọ́dọ̀ àwọn ológun, ìran Sudan sì ni ìyá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni Sadat ti jogún awọ dúdú tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní Káírò kò jẹ́ kó gbàgbé. Abúlé, lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń pa ìtàn Zahran fún un lálẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn mẹ́rin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì so rọ̀ ní abúlé Denshawai ní ọdún 1906. Denshawai kò jìnnà sí abúlé tiwọn. Ọmọ tó bá ń gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kó tó sùn, kò sí bí kò ṣe ní kórìíra òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun ní ọdún 1938, wọ́n gbé e lọ sí ibùdó ológun kan ní apá òkè Íjíbítì, ibẹ̀ ló ti pàdé ọ̀gágun kékeré mìíràn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Gamal Abdel Nasser. Ogun àgbáyé kejì dé, àwọn ọmọ ogun Jámánì sì ń bọ̀ láti ìhà Líbíà. Sadat wá ọ̀nà láti bá àwọn amí Jámánì tó wà ní Káírò ṣe. Jámánì ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà, Gẹ̀ẹ́sì ló sì jókòó lé Íjíbítì lórí. Ìyẹn tó fún un láti fi mú ọ̀rẹ́. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1942, wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ ológun, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ní ọdún 1944, ó sá jáde, ó ń fi orúkọ mìíràn ru ẹrù, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Nígbà tó di ọdún 1946, wọ́n tún mú un, wọ́n ní ó mọ̀ nípa ikú Amin Osman, mínísítà ètò ìṣúná tẹ́lẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ọ̀rẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún méjì àtààbọ̀ ló lò lẹ́wọ̀n kí ilé ẹjọ́ tó dá a sílẹ̀ ní 1948. Yàrá tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 54 ni wọ́n fi í sí, òun nìkan. Ó kọ̀wé nípa yàrá yẹn nígbà tó di Ààrẹ, pé ibẹ̀ ni òun ti kọ́ bí a ṣe ń dá wà, tí a sì ń dá ronú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí yóò tún padà wá.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí Nasser àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde láti gba ìjọba lọ́wọ́ Ọba Farouk, ní oṣù keje, ọdún 1952, ilé sinimá ni Sadat wà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Jehan. Ìgbà tó délé ló bá iṣẹ́ tí Nasser rán sí i, ló bá wọ aṣọ ológun, ó sáré jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ 23, ohùn tirẹ̀ ni gbogbo Íjíbítì gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ ológun. Ọdún méjìdínlógún tó tẹ̀ lé e, abẹ́ òjìji Nasser ló wà. Ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn ìjọba, ó ṣe olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ṣe igbákejì Ààrẹ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣèjọba kò kà á sí. Ẹni tí kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni lọ ni wọ́n máa ń pè é.

Ó yẹ ká sọ bí Íjíbítì ṣe bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà pàápàá, nítorí àwọn kan rò pé ẹ̀kọ́ Kọ́múníìsì ló gbé wọn débẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn Kọ́múníìsì Íjíbítì pọ̀ lẹ́wọ̀n Nasser. Ohun ìjà ni Nasser ń wá nítorí Ísírẹ́lì, àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn kò sì fẹ́ tà á fún un bó ṣe fẹ́. Ní 1955, ó rà á lọ́dọ̀ Rọ́ṣíà, tí wọ́n fi orúkọ Czechoslovakia bo ọjà náà. Ní oṣù keje, ọdún 1956, Amẹ́ríkà fa ọwọ́ sẹ́yìn nínú owó tó ti ṣèlérí láti fi ran ìdídò ńlá Aswan lọ́wọ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, Nasser ti gba ọ̀nà omi Suez tí àwọn òyìnbó ń gbowó lé lórí. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Ísírẹ́lì gbógun tì í lọ́dún náà, Rọ́ṣíà ló sì wá bá wọn kọ́ ìdídò náà láti ọdún 1960. Ìbọn àti ìdídò, ohun méjì tí Íjíbítì nílò tí ẹlòmíràn kò fún un, ni okùn ọ̀rẹ́ náà.

Ọjọ́ mẹ́fà péré ni ogun oṣù kẹfà, ọdún 1967, fi tú gbogbo rẹ̀ ká. Ísírẹ́lì gba gbogbo aginjù Sínáì, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 60,000 kìlómítà níbùú lóròó, wọ́n sì tẹ̀dó sí bèbè omi Suez. Ọ̀nà omi náà di títì pa. Owó tí ọkọ̀ ojú omi ń san kò wọlé mọ́, kànga epo tó wà ní Sínáì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, àwọn ará ìlú tó wà lẹ́bàá omi náà sì di ogúnléndé nínú Káírò. Nasser kú ní ọjọ́ 28, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1970, láìrí ẹsẹ̀ bàtà kan gbà padà nínú ilẹ̀ náà. Gbèsè yẹn ni Sadat jogún.

Àwọn alágbára tó wà nídìí ìjọba gbà pé kó jókòó síbẹ̀ nítorí wọ́n rò pé àwọn á máa darí rẹ̀ bí ẹni ń darí mààlúù. Ní oṣù karùn-ún, ọdún 1971, ó kó wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tàwọn ti igbákejì Ààrẹ tẹ́lẹ̀, Ali Sabri, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni Rọ́ṣíà, ó jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Kí Rọ́ṣíà má bàa fura, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi bá wọn tọwọ́ bọ àdéhùn ọ̀rẹ́ ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀yin náà ẹ wo irú ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Sadat ti kéde pé ọdún 1971 kò ní í parí kí ọ̀rọ̀ Sínáì tó yanjú, yálà nípa ogun tàbí àlàáfíà. Ọdún parí, kò sí ogun, kò sí àlàáfíà, àwọn ará Káírò sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ wà nínú aṣọ ológun lẹ́bàá omi, wọ́n kò jagun, wọ́n kò sì lè padà sílé, orí wọn ni owó ìlú sì ń lọ. Sadat lọ sí Moscow léraléra láti tọrọ ohun ìjà. Wọ́n á ṣèlérí, wọn kò ní í mú un ṣẹ, tàbí kí wọ́n mú ìdajì wá. Ní oṣù karùn-ún, ọdún 1972, Nixon, Ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ bá Brezhnev ní Moscow, àwọn méjèèjì sì fẹnu kò pé kí ara rọ̀ ní àgbègbè náà ní ti ọ̀rọ̀ ogun. Bí Sadat ṣe gbọ́ èyí, ó yé e pé Rọ́ṣíà kò ní í tìtorí Sínáì ba ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Amẹ́ríkà jẹ́. Kí ará ilé rọ̀ túmọ̀ sí pé kí ilẹ̀ Íjíbítì ṣì wà lọ́wọ́ Ísírẹ́lì.

Ní oṣù keje, ọdún náà, ó pe aṣojú Rọ́ṣíà, ó ní kí àwọn ológun wọn, tí wọ́n tó bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, máa kó ẹrù wọn. Wọ́n lọ. Ohun tó ya Henry Kissinger, olùdámọ̀ràn Nixon, lẹ́nu ni pé Sadat kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ Amẹ́ríkà kó tó ṣe ohun tí Amẹ́ríkà ti ń wá látọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá mọ ọjà ná yóò ní ọ̀mùgọ̀ ni, ó ta ọjà láìgba owó. Lójú tèmi, ọjà kọ́ ni Sadat ń tà lọ́jọ́ yẹn. Ó fẹ́ jagun, kò sì fẹ́ kí ọ̀gá Rọ́ṣíà kankan wà nínú ibùdó rẹ̀ tí yóò ní kó má jà. Ó sì tún mọ̀ pé Amẹ́ríkà kò ní í ka òun sí níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá rò pé Moscow ló ń pàṣẹ fún òun. Èyí tó tilẹ̀ pa ni lẹ́rìn-ín ni pé lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn tán ni Rọ́ṣíà wá ń kó ohun ìjà tí wọ́n ti fi ń dọ́gbọ́n tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́, kí Íjíbítì má bàa lọ pátápátá.

Ọjọ́ 6, oṣù kẹwàá, ọdún 1973, tó bọ́ sínú ààwẹ̀ Rámádánì, tó sì jẹ́ ọjọ́ ètùtù mímọ́ àwọn Júù, ni Íjíbítì àti Síríà ṣígun lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sán gangan. Ìlàjì kọjá omi Suez ni ìtàn ogun náà, nítorí Ísírẹ́lì ti kó yanrìn jọ gàgàrà bí òkè sí bèbè tiwọn, wọ́n sì ti kọ́ ilé olódi sí i. Ẹ̀rọ tó ń fa omi, èyí tí ènìyàn lè fi bomi rin oko, ni àwọn ọmọ ogun Íjíbítì yí sí òkè yanrìn náà tó fi wó lulẹ̀. Atef, àbúrò Sadat tó ń wa ọkọ̀ òfurufú ogun, kú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀, ọwọ́ Ísírẹ́lì tún lékè: Sharon kọjá sí òdìkejì omi, wọ́n sì yí ẹgbẹ́ ogun kẹta Íjíbítì ká nínú aginjù, láìsí omi, láìsí oúnjẹ.

Ibi tí wọ́n kọjá sí yìí, ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ni alága àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún náà, nígbà tó sì ku díẹ̀ kí oṣù kẹwàá parí, Nàìjíríà kéde pé òun kò bá Ísírẹ́lì ṣe mọ́, bí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti ṣe. Àwọn àgbà tó mọ̀ nípa ilé iṣẹ́ ìkọ́lé Ísírẹ́lì àti iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà láyé ìjọba Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá mọ̀ pé ọ̀rẹ́ yẹn kì í ṣe kékeré tẹ́lẹ̀. Ọdún 1992 ni Nàìjíríà tó padà bá wọn ṣe, lẹ́yìn tí Íjíbítì fúnra rẹ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjìlá.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Sadat. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi ogun gba gbogbo Sínáì. Ó mọ̀ pé agbára òun kò ká a. Ohun tó fẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ tó ti dì bí omi yìnyín tún máa yọ́, kí Amẹ́ríkà lè dá sí i. Ó sì rí i bẹ́ẹ̀. Kissinger ló dìde tó ń fò láti Káírò sí Jerúsálẹ́mù, láti Jerúsálẹ́mù sí Káírò, òun ló sì mú kí Ísírẹ́lì gbà kí oúnjẹ àti omi dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ogun kẹta. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní, ọdún 1974, Ísírẹ́lì ti gbà láti kúrò létí omi. Sadat máa ń sọ ọ́ pé bí a bá ní ọgọ́rùn-ún káàdì ló wà nínú eré náà, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Rọ́ṣíà lè fún un ní ìbọn, ṣùgbọ́n kò lè bá Ísírẹ́lì sọ̀rọ̀ kí Ísírẹ́lì gbọ́. Ẹni tó ń fún Ísírẹ́lì ní ìbọn nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àlàyé tí wọ́n ń ṣe lórí ìdí tí Íjíbítì fi yípadà, mi ò tíì rí èyí tó tó èyí. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 1975, ọdún mẹ́jọ gééré sí ọjọ́ tí ogun 1967 bẹ̀rẹ̀, Sadat wọ aṣọ ológun ojú omi funfun, ó ṣí ọ̀nà omi Suez padà. Ní oṣù kẹta, ọdún 1976, ó fa àdéhùn ọ̀rẹ́ pẹ̀lú Rọ́ṣíà ya.

Ọ̀rọ̀ ikùn wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Sadat ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè láti wá dókòòwò láti ọdún 1974, àwọn díẹ̀ là, ṣùgbọ́n gbèsè ń gorí gbèsè. Àwọn tó ń yá ìjọba lówó ní kí wọ́n dín owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń san lórí oúnjẹ kù. Ní oṣù kìíní, ọdún 1977, ìjọba kéde rẹ̀, owó ìyẹ̀fun, ìrẹsì, ṣúgà àti gáàsì fò sókè lóru ọjọ́ kan. Ọjọ́ 18 àti 19 oṣù náà, ìgboro gbiná láti Alexandria dé Aswan. Ẹni tó bá rántí ohun tí ojú wa rí ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní, ọdún 2012, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, yóò mọ bí irú rẹ̀ ṣe máa ń rí. Ó lé ní àádọ́rin ènìyàn tó kú kí àwọn ológun tó pẹ̀tù sí i, ìjọba sì sáré dá owó ìrànwọ́ padà. Láti ọjọ́ yẹn, Sadat mọ̀ pé òun kò lè máa bọ́ ogun, kí òun sì tún máa bọ́ ará ìlú.

Nǹkan méjì mìíràn ló tún tì í. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 1977, ìránṣẹ́ rẹ̀ kan pàdé Moshe Dayan, mínísítà Ísírẹ́lì, ní ìkọ̀kọ̀ ní Morocco, ohun tó gbọ́ sì fi hàn án pé Ísírẹ́lì lè fi Sínáì sílẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹwàá wọlé, Jimmy Carter, Ààrẹ Amẹ́ríkà tuntun, bá Rọ́ṣíà gbé ìwé kan jáde pé kí gbogbo wọn jọ jókòó ní Geneva. Sadat tó ti fi agbára lé Rọ́ṣíà jáde láti ẹnu ọ̀nà iwájú wá ń wò ó tí Amẹ́ríkà ń mú un gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, tí Síríà yóò sì tún láṣẹ láti sọ pé kò gbà.

Ní ọjọ́ 9, oṣù kọkànlá, ó ń bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sọ̀rọ̀, ló bá sọ pé òun ṣe tán láti lọ dé ilé ìgbìmọ̀ àwọn Ísírẹ́lì fúnra wọn bí ìyẹn bá lè dá ẹ̀mí ọmọ ogun kan sí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Yasser Arafat, olórí àwọn ará Palẹstáìnì, jókòó sínú gbọ̀ngàn náà. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé bí àwọn olóṣèlú ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ni. Menachem Begin, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, fi ìwé ìpè ránṣẹ́ nípasẹ̀ àwọn Amẹ́ríkà. Ìgbà yẹn ni àwọn mínísítà Sadat tó rí i pé òótọ́ ni. Ismail Fahmi, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Sadat yan Mohamed Riad rọ́pò, òun náà fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Sadat fò lọ bá Hafez al-Assad ní Síríà láti bẹ̀ ẹ́, ìyẹn ní òun kò gbà. Ó wá lọ. Ọkùnrin inú yàrá 54 ló dá ronú, òun náà ló sì dá lọ.

Ohun tó sọ ní Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ kejì kò ní ìpọ́nni nínú. Ó ní kí wọ́n kúrò lórí gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní 1967, kí àwọn ará Palẹstáìnì ní orílẹ̀-èdè tiwọn, ó ní kì í ṣe torí Íjíbítì nìkan ni òun ṣe wá. Èyí ni kí a fi díwọ̀n ohun tó gbà lẹ́yìn náà. Nígbà tí Carter kó òun àti Begin lọ sí Camp David, nínú igbó Maryland, ọjọ́ mẹ́tàlá ni wọ́n lò, láti ọjọ́ 5 sí 17, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1978. Àwọn méjèèjì kò lè jókòó pọ̀ láìjà, Carter ló ń gbé ìwé láti ilé kan dé ìkejì. Nígbà kan, Sadat ti di ẹrù rẹ̀ pé òun ń lọ, Carter ló lọ bẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó parí, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kẹta, Mohamed Ibrahim Kamel, ti kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Sínáì yóò padà sọ́dọ̀ Íjíbítì, gbogbo rẹ̀. Ní ti Palẹstáìnì, ìwé ìlérí nípa ìjọba ìbílẹ̀ lásán ni, kò sì ṣẹ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Àwọn tó ń pe Sadat ní ọ̀dàlẹ̀, ibí yìí ni wọ́n dúró sí, ẹ̀sùn wọn kò sì ṣeé gbá dànù. Íjíbítì ló ní ọmọ ogun tó pọ̀ jù láàárín àwọn Lárúbáwá. Bó ti yọwọ́ báyìí, kò sí ẹni tó tún lè dojú ogun kọ Ísírẹ́lì nítorí àwọn ará Palẹstáìnì. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ogun Íjíbítì kan tó ti sin ọmọ ní 1967, tó tún sin òmíràn ní 1973, ó ní ohun tí òun náà yóò sọ fún wa.

Wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn náà ní Washington ní ọjọ́ 26, oṣù kẹta, ọdún 1979. Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá lé Íjíbítì jáde, wọ́n sì kó olú ilé iṣẹ́ àjọ náà kúrò ní Káírò lọ sí Tunis. Owó àwọn ọlọ́rọ̀ epo dúró. Owó Amẹ́ríkà rọ́pò rẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là lọ́dọọdún, fún ìbọn àti fún àlìkámà. Sadat àti Begin ti jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1978, ṣùgbọ́n Sadat kò lọ sí Oslo, ó rán ẹlòmíràn lọ gbà á fún un.

Nígbà tó dé láti Jerúsálẹ́mù, èrò tó jáde pàdé rẹ̀ ní Káírò pọ̀ bí eéṣú. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, kò sí èrò yẹn mọ́. Nǹkan kò rọ̀ fún mẹ̀kúnnù bó ṣe ṣèlérí, kò sì bá ẹnikẹ́ni jíròrò. Ìwé ìròyìn òkèèrè ń yìn ín, ó sì dà bíi pé àwọn yẹn ló wá ń gbọ́ tiwọn ju àwọn ará ilé lọ. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 1981, ó ní kí wọ́n kó àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀, onímàle àti Kìrìsìtẹ́nì, agbẹjọ́rò àti akọ̀ròyìn. Mohamed Hassanein Heikal, akọ̀ròyìn tí gbogbo Lárúbáwá mọ̀, wà lára wọn. Òǹkọ̀wé obìnrin nì, Nawal El Saadawi, wà ńbẹ̀. Ó sì lé póòpù àwọn Kìrìsìtẹ́nì Coptic lọ sínú aginjù. Bó bá jẹ́ pé ó ti fi àyè gba àwọn ènìyàn wọ̀nyí láti bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì láti ìbẹ̀rẹ̀, mo rò pé ìbá tún rí ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀.

Ọjọ́ 6, oṣù kẹwàá, ọdún 1981, ọdún mẹ́jọ pé sí ọjọ́ tí wọ́n kọjá omi Suez. Àwọn ológun ń yan bọ̀ níwájú rẹ̀, ọkọ̀ òfurufú ń dárà lókè, gbogbo ojú wà lójú ọ̀run. Ọkọ̀ ológun kan dúró. Ọ̀gágun kékeré kan, Khalid al-Islambouli, bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ju àdó olóró, wọ́n sì rọ̀jò ìbọn sí ibi tí Ààrẹ jókòó sí. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni. Nígbà tí Nasser kú, ẹ̀mí àwọn ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ nínú èrò tó sin ín. Ní ọjọ́ ìsìnkú Sadat, Nixon, Ford àti Carter, Ààrẹ Amẹ́ríkà mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ló tẹ̀ lé pósí rẹ̀. Begin fẹsẹ̀ rìn lọ pẹ̀lú wọn. Nínú àwọn olórí Lárúbáwá, Nimeiri ti Sudan ni ojú rẹ̀ hàn jù. Àwọn ará Káírò jókòó sílé wọn. Ọ̀kánkán ibi tí wọ́n ti yìnbọn pa á ni wọ́n sin ín sí.

Hosni Mubarak, igbákejì rẹ̀ tí ìbọn bà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ló gbapò. Kò yí ohunkóhun padà nínú àdéhùn náà. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹrin, ọdún 1982, Ísírẹ́lì kó jáde ní Sínáì, ó ku ibi kékeré kan létí òkun, Taba, tí ilé ẹjọ́ onílàjà fi dá Íjíbítì láre, tí wọ́n sì gbà padà ní 1989. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá gba Íjíbítì padà sínú àjọ wọn, olú ilé iṣẹ́ náà sì padà sí Káírò lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 2012, Mohamed Morsi, ọmọ ẹgbẹ́ Muslim Brotherhood tó ti ń bú àdéhùn náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, wọlé ìbò, ó sì di Ààrẹ. Ọdún kan ló lò lórí àga kí àwọn ológun tó yọ ọ́. Kò fọwọ́ kàn án.